Omi Inú Ìkòkò Bàbá Mghenyi

Igbe Mwanaidi ló kó gbogbo àdúgbò jọ láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ilongero. Ìgò oògùn àjẹsára tó fẹ́ kán sójú adìẹ gbogbo ìlú ti pòórá lórí tábìlì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lúkúlúkú ti ń pa adìẹ lọ bẹẹrẹ ní abúlé kejì.

"Salimu ẹlẹ́ja ni, ọ̀gá!" ó sọ fún Inspẹ́kítọ̀ Njiku. "Adìẹ mi jẹ ẹja ẹ̀ lánàá. Adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin, ohun tó ṣe nìyẹn. Òun nìkan ló sì ní yìnyín tí oògùn ò fi ní bàjẹ́."

Salimu ṣí àpótí yìnyín rẹ̀ gbayawu. "Ẹ tú u wò. Ẹja ni mò ń tà, mi ò kì í tọ́jú ojú adìẹ."

Ẹja nìkan ni Njiku bá níbẹ̀.

Oòrùn ti mú gan-an kí Njiku tó tú ilé dé ilé débi èyí tó kẹ́yìn ìlú, èrò sì tẹ̀ lé e. Bàbá Mghenyi ló ń gbébẹ̀, ahun paraku. Ó gbé Sultani, àkùkọ rẹ̀, sórí itan. Ìkòkò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fún mi lómi mu."

"Omi kẹ̀? Odindi ọ̀gá ọlọ́pàá?" Bàbá sáré ra sódà wá ní ìsọ̀ tó kọjú sí i. "Oògùn yẹn á ti bàjẹ́ o. Èmi ò sì ní yìnyín."

Njiku rọra mu sódà náà tán. Lẹ́yìn náà ló ti ọwọ́ bọ ìkòkò, ó sì fa ìgò oògùn yọ, aṣọ tútù ni wọ́n fi wé e.

"Yìnyín ni gbogbo ìlú ń wá," ó ní. "Oògùn tuntun yìí ò nílò yìnyín, ìkòkò tútù ti tó o. Mwanaidi kọ́ gbogbo yín, ìbínú ló mú òun alára gbàgbé; ẹ̀yin nìkan lẹ rántí. Ahun wo ló sì ń ra sódà fún ọlọ́pàá nígbà tómi wà nílẹ̀?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá gbá Sultani mọ́ra.

"Lọ́dún tó kọjá, oògùn tán kó tó kàn mí. Ìyá Sultani kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀kán kan péré ni mo fẹ́ kán sí Sultani lójú, kí n dá a padà. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má fọ́ ọ lójú."

Inú tó ń bí Mwanaidi rọlẹ̀. Ó gba ìgò náà. "Ẹ di Sultani mú dáadáa, Bàbá. Ìparí ìlú níbí la ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí."

"Ẹ̀yin náà lẹ ó sì di gbogbo adìẹ ìlú mú," ni Njiku wí. "Ìjìyà yín nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n fi dé ilé Salimu, èékánná adìẹ ti ya Bàbá lápá. Salimu ṣàánú rẹ̀, ó bu omi tútù fún un.

Bàbá wo omi náà, ó mirí. Ó ní sódà lòun fẹ́.