Ẹ Bi Ọkọ̀ Léèrè Kí Ẹ Tó Da Epo Sí I

Agbẹ̀bí ti wọ bàtà òjò, àpò iṣẹ́ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọkọ̀. Obìnrin kan ń rọbí ìbejì ní abúlé ẹ̀yìn òkè. Ẹrẹ̀ àti àpáta ló kún ojú ọ̀nà ibẹ̀, jíìpù àtijọ́ agbẹ̀bí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà, nìkan ló lè gùn ún.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́! Ó dákẹ́. Ó tún un yí. Kẹ́!

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n yọ dé pẹ̀lú ìgò bẹntiróòlù lọ́wọ́.

"Aǹtí Nọ́ọ̀sì, epo ni ò dénú ẹ́ńjìnnì! Ẹ jẹ́ kí n ta díẹ̀ sí i lẹ́nu, wéré ló máa jí."

Agbẹ̀bí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ẹni tí omi ń gbé lọ, kí ni kò ní dì mú? Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ pe Ìyá Oníwáyà, obìnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, lórí fóònù, ó sì sọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ fẹ́ ṣe fún un.

"Ẹ má jẹ́ kó dà á o!" ni ìyẹn pariwo. "Bí iná bá ṣẹ́ sí i, àtọkọ̀ àtèèyàn ló máa jó. Ẹ dá mi lóhùn ná. Ṣé ẹ́ńjìnnì ń yí, àbí kò yí rárá?"

"Kò yí. Ó kàn ń dún kẹ́."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo nìyẹn. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ tún yí kọ́kọ́rọ́."

Iná mọ́lẹ̀ rekete, àmọ́ bó ṣe yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó ṣú bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Ó sọ ọ́ fún un.

"Agbára ò dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹ pa gbogbo ẹ̀, ẹ wo orí bátìrì."

Nǹkan funfun ti hù bo ẹnu wáyà. Nígbà tó fọwọ́ kàn án, wáyà náà ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Ó tún ròyìn ìyẹn náà fún un.

"Ẹ ti rí i! Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Wáyà dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè gbẹ̀yìn. Ẹ ha á mọ́, ẹ dè é dáadáa."

Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n gbé ìgò rẹ̀ jìnnà, ó sì mú sípánà wá. Agbẹ̀bí tú wáyà, ó ha á mọ́, ó sì dè é bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é.

Agbẹ̀bí fi gíà sí fírì, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù! Agbẹ̀bí sì gbéra lọ sí abúlé náà.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìbejì ti ké, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Agbẹ̀bí jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìyá ìkókó, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó pe Ìyá Oníwáyà: "Takọ-tabo ni wọ́n o!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ tó ti dàgbà, bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí rárá, orí bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá ń yí tí kò jí, ìgbà yẹn ni kí ẹ bi epo àti pọ́ọ̀gì léèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ẹ máa wo orí bátìrì lóṣooṣù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da bẹntiróòlù sẹ́nu ẹ́ńjìnnì, bó ti wù kí ẹ máa kánjú tó.