Odò Ni Ọ́

"Wọ́n ní ọmọkùnrin rédíò yẹn…"

"Èwo? Ọládọ̀tun?"

"Òun ni. Ó ní Abigail, ọmọ Fásanmí, ya… ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fẹnu mi sọ ọ́."

"Odi kẹ̀? Hà!"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe kúrò létí odò Ìkògòsì nìyẹn, tó wọ etí Baba Fásanmí nínú oko kòkó. Ó délé, ó búra lójú Abigail: "Ẹni tó pe ọmọ mi ní odi kò níí wọ ulé mi!"

Abigail dorí kodò. Láti kékeré lọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló kọ́kọ́ rí Ọládọ̀tun, tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù, ó na ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú bí ẹni ń fún ẹyẹ lóúnjẹ. Ṣòkòtò rẹ̀ ti rin gbingbin.

"Bọ̀dá, kí lẹ ń wá?"

"Ìṣẹ́jú kan péré tí ohunkóhun ò níí dún, fún iṣẹ́ rédíò mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Létí odò?"

"Mo gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹyẹ ò gbà. Mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ajé, páànù ń dún."

"Ẹ wá sóko wa. Ewé kòkó gbígbẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kì í sọ̀rọ̀."

"Irọ́ rèé! Kí lo wá ń ṣe látẹ̀ẹ̀kan?"

Wọ́n jọ wá ìdákẹ́jẹ́ náà kiri, títí di Sátidé tó kọjá, tí Ọládọ̀tun di ọwọ́ rẹ̀ mú létí odò yẹn kan náà. Bọ́sẹ̀ tó ń fọṣọ lódìkejì na etí sí ohun tó ń sọ.

Nílé, ìyá Abigail, Eunice, wá wò ó lójú. "Abi mi, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

Àyà Abigail ń lù kìkì. Ó kúnlẹ̀.

"Bàámi, irọ́ ni. Omi ló ń pariwo, Bọ́sẹ̀ ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo fẹ́ràn Ọládọ̀tun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e."

Baba Fásanmí ṣí fìlà. Kò gbọ́ kí ọmọ yìí sọ tó báyìí rí. Ilé pa lọ́lọ́. Síbẹ̀ aago ara ògiri ń dún, ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìnkùlé.

"Ẹni tó lè la ẹnu ọmọ mi báyìí, kó kó ẹbí rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kí ló wí gan-an?"

Abigail gbójú sókè.

"Ó ní: 'Abigail, kò sí ìdákẹ́jẹ́ láyé. Bí gbogbo nǹkan bá dákẹ́, àyà ẹni á ṣì máa lù. N ò wá a mọ́. Odò ni ọ́. Bí o bá ti ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkàn mi a balẹ̀. Ṣé wàá fẹ́ mi?'"