Ohùn Wà, Ojú Kò Sí

Aurélie ń já káàdì ìrántí fóònù rẹ̀ gbà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan nígbà tí Múítì gbójú sókè rí i. Ṣọ́ọ̀kì wà lápá aṣọ rẹ̀. Gèlè rẹ̀ ti yẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù náà ní òun á tún fídíò inú káàdì ṣe, òun á sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ kí àyè lè wà. Aurélie ní kò sẹ́ni tí yóò pa nǹkan kan rẹ́.

Ó yíjú, ó rí Múítì ní òdìkejì ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà ni òun náà ń tún ṣe, láàárín àwọn oníṣòwò Yorùbá ní ọjà Atakpamé.

"Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ pa á rẹ́?"

"Rárá, Màdámú. Ẹ̀dà ni mo máa ń ṣe kí n tó ṣe ohunkóhun. N kì í fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́."

Aurélie jókòó. Ó ní olùkọ́ ni òun ní Akparé. Jacqueline, ìyá òun, kú lọ́dún tó kọjá. Fídíò kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, fóònù tí wọ́n fi yà á sì ti bàjẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà ilé, ohùn rẹ̀ ń jáde, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò.

Múítì béèrè bóyá ohùn nìkan kò lè tù wọ́n nínú.

Aurélie ní Michel, bàbá òun, ti dití. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí fídíò náà, ìyá sọ ọ̀rọ̀ kan, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ojú kọ̀ǹpútà tó dúdú ni bàbá rí, àti àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé ọkọ́, ó lọ sí oko. Láti ọjọ́ náà, kò jókòó síwájú ẹ̀rọ náà mọ́.

Múítì gba káàdì náà. Ó ṣe ẹ̀dà, ó ṣí i lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Obìnrin kan jókòó níwájú òkìtì iṣu, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Aurélie fi ọwọ́ bo ojú.

Múítì ṣàlàyé pé kò sí ohun tó ṣe fídíò náà. Fóònù titun tí wọ́n fi yà á ló dì í bí ẹrù tí a so ní kókó titun. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò mọ bí a ṣe ń tú u.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó lọ sí Akparé. Ó fi ètò mìíràn tí ń ṣí fídíò sórí kọ̀ǹpútà ilé wọn. Àwòrán jáde, ṣùgbọ́n ó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ohùn ti tán kí àwòrán tó dé ìdajì. Ẹ̀rọ náà ti gbó. Ó ní òun á yí ẹ̀dà náà padà sí irú èyí tó fúyẹ́. Yóò gba wákàtí mẹ́rin.

Wọ́n jókòó sí ìloro, wọ́n ń pa ẹ̀pà.

"Ṣé kò ní yá jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ṣọ́ọ̀bù yín?" ni Aurélie béèrè.

"Yóò yá. Ìdí tí n kò fi ṣe é níbẹ̀ nìyẹn."

Aurélie ju èèpo ẹ̀pà lù ú.

Iṣẹ́ náà parí, ṣùgbọ́n Michel kò wò ó. Múítì ń wá ní gbogbo Sátidé. Nígbà tó di pé ó fẹ́ fẹ́ Aurélie, Michel kọ̀. Kò bínú sí ìsìn Ìsìláàmù Múítì. Ó ní òun ti rí oníṣòwò púpọ̀ tó palẹ̀ mọ́ padà sí Nàìjíríà. Òun kò ní fi ọmọ kan ṣoṣo fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Aurélie sọkún. Ó ní òun kò ní lọ láìjẹ́ pé bàbá súre. Múítì ní bẹ́ẹ̀ náà ló tọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣe Mísà ìrántí Jacqueline, Aurélie di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó mú un jókòó síwájú kọ̀ǹpútà.

Michel wo ẹnu ìyàwó rẹ̀ nínú fídíò náà. Ẹnu tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Ó ń dúpẹ́ fún iṣu," ó ní. "Ó ń dúpẹ́ fún òjò." Ó súnmọ́ ẹ̀rọ náà. "Ó ní ebè mi wọ́. Ó ní iṣu ṣàánú mi ni ó fi ta." Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí ẹ rẹ́rìn-ín sí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn."

Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Múítì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"O ṣé, ọmọ mi. Bí àwọn ènìyàn rẹ bá padà lọ, ìwọ ńkọ́?"

Múítì mú síléètì ìkọ̀wé tí Aurélie fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Ibojì bàbá mi wà ní Atakpamé. N kò lè dì í mọ́ ẹrù.*

Michel kà á. Ó na síléètì náà padà sí i.

"Ṣé o mọ ebè kọ?"

Múítì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀: *Tèmi náà wọ́, Pàpá.*

Michel di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ti Aurélie lé e.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó ní Atakpamé lẹ́yìn ìkórè. Fádà ṣàdúrà, ààfáà ṣàdúrà. Ṣẹ̀fíátù, ìyá Múítì, jókòó ti Michel, wọ́n jọ wo fídíò náà.

Aurélie ra síléètì mìíràn fún ilé ìwé. Ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Múítì lára rẹ̀, wà lára ògiri ní Akparé. Michel kò pa á rẹ́.