Nígbà Tí Ẹ̀rọ Ìlagi Bá Dákẹ́

Ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀ ilé, ó fi etí kan lélẹ̀, ó sì di ojú bí ẹni tí ń gbọ́ àṣírí. Gílóòbù kan ṣoṣo tó wà lókè àtẹ̀gùn ń pọ́n rakọrakọ lójú ọ̀sán gangan. Sàúdátù, tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbẹ́sẹ̀," ni ọkùnrin náà wí láìlajú.

"Ilé bàbá mi ni mo ti ń rìn o."

"Mo mọ̀. Bàbá náà kọjá níbí lẹ́ẹ̀kan. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró, wọ́n sì dúró."

Sàúdátù fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló sọ sí i lẹ́nu. "Kí lẹ wá ń gbọ́ nílẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ìlagi. Bí wọ́n bá ti ki gẹdú bọ ayùn ní òdìkejì títì, iná ilé yín á kérora." Ó lajú. Ó rí ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì gbàgbé láti dìde.

Ọdún 1988 ni, ní ìlú Ìfọ̀. Ilé alájà mẹ́ta tí Alhaji Bùrẹ́ímọ̀ kọ́ sí etí títì kò ní ẹgbẹ́ ní àdúgbò wọn: yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí wà nísàlẹ̀, àwọn òǹtẹ̀wé wà láàárín, àwọn aránṣọ sì kún òkè. Ṣùgbọ́n iná tí ń wọ ilé náà kò ní láárí. Ní ọ̀sán, fáànù a máa yí bí ẹni tí ń ronú, ẹja a sì máa rọ̀ nínú yìnyín. Sàúdátù, tó kàwé gboyè tó sì padà wálé wá máa bójú tó ilé náà, ni ó rọ bàbá rẹ̀ títí ó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Àwọn ni wọ́n rán ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ náà wá, Ọládayọ̀, ẹnjiníà ọmọ Ìkirè tó háyà yàrá kan ní Òkè-Aró.

Ẹ̀rọ tí ó gbé wá ga bí kọ́bọ́ọ̀dù. Sìtábíláísà ni wọ́n ń pè é. Apá irin kan wà nínú rẹ̀ tí ó máa ń yí fúnra rẹ̀: bí iná bá rẹlẹ̀, apá náà a gbé e sókè; bí iná bá ga jù, a fà á wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, fáànù gbogbo ilé sáré lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn aránṣọ sì pàtẹ́wọ́ lókè.

Láti ìgbà náà, Sàúdátù bẹ̀rẹ̀ sí rí ìdí púpọ̀ láti sọ̀kalẹ̀.

"Ẹnjiníà, ṣé ẹ̀rọ yín ti jẹun?"

"Òun ti jẹ. Ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ ni kò tíì jẹ."

"Kò sí oúnjẹ ẹni tí ń dá ènìyàn dúró lórí àtẹ̀gùn," ni yóò wí, yóò sì gbé ẹ̀wà àti dòdò kalẹ̀ fún un.

Bí wọ́n ti ń jẹun pọ̀ ni "ẹ" di "o" láàárín wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì kíyè sí ìgbà tí ó yí padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Dayọ̀ bi í bóyá òun lè máa pè é ní Sàúdá.

"Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Màá tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn nígbà náà."

Sàúdátù kó àwo jọ, ṣùgbọ́n kò tètè gun òkè lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò tẹ́ àwọn ayálégbé lọ́rùn. Nígbàkigbà tí apá ẹ̀rọ náà bá yí, gílóòbù á ṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ á sì gún àwọn aránṣọ lọ́wọ́. Sàúdátù ni wọ́n ráhùn fún, òun náà sì gbé e wá fún Dayọ̀.

"Dayọ̀, ṣé kò sí bí o ṣe lè mú un dúró sójú kan? Nítorí tèmi."

Dayọ̀ ti fi mítà wọn iná ilé náà fún ọjọ́ púpọ̀ kí ẹ̀rọ tó dé, kò sì rí i kí ó ga rí. Rírẹlẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n sí, àní lálẹ́ pàápàá, nígbà tí iná ilé gbogbo àdúgbò bá rọ́pò ayùn. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ṣoṣo tó bọ́ sáàárín wọn, Ìkẹjà ló wà, tó lọ mú wáyà. Ó wo ojú ẹni tí ń bẹ̀ ẹ́. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, ó fi nọ́ọ̀tì irin de apá ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ níbi tí ó ti ń gbé iná sókè, gílóòbù gbogbo sì dúró ṣinṣin. Inú Sàúdátù dùn dé alẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìpè ìrun dún. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn onígẹdú òdìkejì títì, wọ́n sì jọ pa ayùn wọn, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá. Iná tí gbogbo ayùn wọ̀nyẹn ti ń fà já wọ inú ilé Alhaji lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, apá tí ì bá sì fà á wálẹ̀ wà nínú ìdè, ó ń gbé e sókè sí i. Gílóòbù funfun bí ojú òkú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bẹ́ láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òórùn wáyà tó jóná jáde láti inú yàrá yìnyín.

Sàúdátù mọ ọjọ́ Jímọ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí nọ́ọ̀tì yẹn lè fà. Dayọ̀ mọ nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n kò mọ ọjọ́ Jímọ̀. Àárín ìmọ̀ méjèèjì ni mọ́tò yàrá yìnyín kú sí.

Alhaji Bùrẹ́ímọ̀ dé láti mọ́sálásí pẹ̀lú ẹní ìkírun léjìká. Kò pariwo.

"Ta ló de ẹ̀rọ yìí?"

Dayọ̀ dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, sà." Kò dárúkọ ẹlòmíràn.

"Kí ló dé?"

"Mo rò pé iná kì í ga níbí."

"O rò." Alhaji wò ó títí. "Wọ́n ti sọ fún mi pé ojú rẹ wà lára ọmọ mi. Kì í ṣe ti ẹ̀sìn ni mo ń wí. Ilé oníṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti lọ fẹ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà láàárín wa tí kò mọ ìgbà tí a máa ń dákẹ́, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí ọmọ mi bá dákẹ́? Tún un ṣe. Bí ohunkóhun bá jóná ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ìwọ àti ẹ̀rọ rẹ, ẹ jọ padà síbi tí ẹ ti wá. Má sì jẹ́ kí n tún gbọ́ orúkọ ọmọ mi lẹ́nu rẹ."

Wọ́n fi ọkọ̀ kó ẹja lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ Alhaji kan ní Mowé. Dayọ̀ tú mọ́tò náà palẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ wáyà tuntun sí i.

"Ó yẹ kí o ti dárúkọ mi," ni Sàúdátù wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ọwọ́ mi ló di nọ́ọ̀tì náà."

"Ẹnu mi ló sọ ọ́."

Ó gun òkè lọ ní tààrà, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì rò fún un bí ọ̀rọ̀ ti rí. Alhaji gbọ́ ọ parí. "Mo gbọ́," ni ó wí, kò sì sọ ohun mìíràn. Ìdákẹ́ yẹn kò jẹ́ kí Sàúdátù rí oorun sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ náà.

Dayọ̀ tú apá ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó sì so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn tí yóò já iná bí ó bá ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí bí ó ṣe lè dán an wò. Onígẹdú wo ni yóò pa ayùn rẹ̀ nítorí ẹnjiníà àlejò? Jímọ̀ nìkan ló lè sọ.

Jímọ̀ dé. Alhaji kọjá lọ sí mọ́sálásí láìwo ẹnikẹ́ni. Sàúdátù sọ̀kalẹ̀ wá dúró ti Dayọ̀ níwájú ẹ̀rọ náà.

"Bàbá rẹ á bínú."

"Bí ó bá jóná, kí ó jóná lójú àwa méjèèjì."

Ìpè ìrun dún. Ayùn kan dákẹ́. Òmíràn dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn dákẹ́ pọ̀, títì sì dá wáí bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Abẹ́rẹ́ mítà bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Apá irin náà kò mira. Sàúdátù di ọwọ́ Dayọ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù bí ẹja. Abẹ́rẹ́ tún gòkè.

Apá náà yí.

Gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Nínú yàrá yìnyín, mọ́tò ń rọra kùn bí ológbò tó yó. Ohùn aránṣọ kan já wálẹ̀ láti òkè pé, "Sàúdátù, iná yín tún ti ń ṣẹ́jú o," ọmọbìnrin náà sì bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ẹsẹ̀ Alhaji ni wọ́n gbọ́ lẹ́yìn náà, ó ń sáré. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún dúdú, ti òsì pupa, kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ó wo gílóòbù. Ó wo ọwọ́ tí wọ́n dì mú, tí wọ́n sì yára tú sílẹ̀.

"Mi ò mọ ohun tí lèmọ́mù kà lónìí," ni ó wí. "Ọ̀dọ̀ yín ni etí mi wà."

Dayọ̀ ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

"Dìde. O gba ẹ̀bi ọmọ mi sọ́rùn. Òun náà wá gbà á padà. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà." Ó nu ojú rẹ̀. "Kí àwọn ènìyàn rẹ wá rí mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni kí wọ́n wá, lẹ́yìn ìrun. Ṣé o mọ ìgbà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Jẹ́ kí n lọ dá bàtà oníbàtà padà."

Ó lọ. Ní òdìkejì títì, ayùn àkọ́kọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí ké.

"Ẹni tó ní òun máa tọrọ ààyè lọ́wọ́ ìyá mi ńkọ́?" ni Sàúdátù bèèrè, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Mo lọ bá wọn láàárọ̀. Wọ́n ní kí n bi ìwọ. Ṣé kí n máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Sàúdátù dákẹ́. Ayùn kejì ké, ẹ̀kẹta ké, gílóòbù sì ṣẹ́jú. Dayọ̀ kò tún ìbéèrè náà bi, kò sì fi àwàdà dí ìdákẹ́ náà. Ó dúró tì í jẹ́ẹ́ títí ó fi parí fúnra rẹ̀.

"Máa pè mí bẹ́ẹ̀," ni Sàúdá wí.