Ohùn Bàbá Àgbà Tí Makereta Gbé Fún Àjèjì

"Òmíràn tún ti dé!" Makereta pariwo débi pé díẹ̀ ló kù kó já bọ́ sínú òkun láti orí ògiri etíkun Levuka tó jókòó lé.

Vilisi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ń kàwé ìdánwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Atọ́bẹ̀wò gbogbo àdúgbò, èwo tún ni? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó ń ya àwòrán ni. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, èyí tó ń bá èèyàn ṣètò ìwé kíkà ni, síbẹ̀ o ò kàwé."

"Èyí yàtọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ìkànnì kan tó ń yọ ariwo kúrò lára ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni. Ohùn Bàbá àgbà ni mo fẹ́ fi gbìyànjú ẹ̀!"

Vilisi pa ìwé dé. Gbogbo ẹbí ló mọ ohùn tí Makereta ń sọ. Kí bàbá wọn àgbà, Aporosa apẹja, tó kú, ó dárúkọ gbogbo ọ̀nà omi tó wà láàárín àpáta abẹ́ òkun yí erékùṣù wọn ká, ó sì sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ọmọ rẹ̀ Semi ti fi fóònù ìyá rẹ̀ gbà á sílẹ̀. Gbogbo ohùn tó gbà sílẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá, ọ̀kan fún ọ̀nà omi kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bubu, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà, máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, á gbé fóònù sí etí. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, etí tirẹ̀ náà sì ti ń wúwo.

"O ti sọ fún Bubu?" Vilisi bi í.

"Mo fẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu ni."

"Kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ o."

"Ẹ̀yin àgbàlagbà yìí! Ìkànnì náà fúnra ẹ̀ ló máa bá wa tọ́jú ẹ̀. Títí láé ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Makereta yá fóònù Bubu pé òun fẹ́ tún un ṣe. Kò parọ́, àmọ́ kò sọ tán. Ó tẹ "Mo gbà" láìka ìlà kan nínú àdéhùn gígùn tó wà níbẹ̀, ó sì gbé ohùn mọ́kọ̀ọ̀kànlá sórí ìkànnì náà. Nígbà tí àkọ́kọ́ jáde, orí rẹ̀ wú. Atẹ́gùn ti lọ. Ìgbì ti lọ. Bàbá àgbà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó tì í. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gé bíi ogójì ìṣẹ́jú-àáyá níbẹ̀ ránṣẹ́ sí Vilisi láti fi yangàn. Nígbà tó wá rí i pé fóònù Bubu ti kún, tí àwòrán àwọn ọmọ ọmọ láti Suva kò rí àyè wọlé mọ́, ó pa ohùn àtijọ́ rẹ́. Kí la tún ń fi elérùpẹ̀ ṣe nígbà tí a ti ní èyí tó mọ́?

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni Bubu fi gbọ́ ohùn náà láti orí ìkànnì. Ó ń mi orí, ó ń súre fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkẹrin, Makereta ṣí ìkànnì náà, ìlà kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀: àwọn ti kógbá sílé, àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà.

Ó ṣí i, ó tì í, ó tún un ṣí. Ó kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́ẹ̀mẹrin. Èsì kankan kò wá.

Níbi tí ẹ̀rù ti ń bà á ló ti rántí ohun èlò tuntun mìíràn, èyí tó lè fi ohùn ènìyàn sọ ohun tí ẹni náà kò sọ rí, bí ó bá ti rí díẹ̀ gbọ́. Díẹ̀ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú-àáyá tó fi ránṣẹ́ sí Vilisi. Ó jókòó, ó ń kọ orúkọ àwọn ọ̀nà omi náà bó ṣe rántí wọn. Nígbà tó tẹ bọ́tìnnì, Aporosa tó ti sùn láti ọdún méjì la ẹnu sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n jẹ iṣu àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi omi àgbọn sè, wọ́n palẹ̀ mọ́. Bubu fẹ̀yìn lélẹ̀. Makereta gbé fóònù fún un, ó sì lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bubu gbọ́ ọ dé ìdajì. Lẹ́yìn náà ó dìde jókòó.

"Makereta. Ta nìyí?"

"Bàbá àgbà ni, Bubu."

"Ohùn ẹ̀ ni. Kì í ṣe òun. Ọ̀nà omi kẹrin yẹn, bàbá àgbà rẹ kì í dárúkọ ẹ̀ kó má rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti dojú dé mọ́ wọn lórí lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ mi. Ẹni yìí dárúkọ ẹ̀ bí ẹni tó ń ka orúkọ ní kíláàsì. Ta lo gbé wọ inú ilé mi?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Ti Makereta kò tilẹ̀ lo wákàtí kan. Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún.

Bubu kò pariwo. Ó fi fóònù sílẹ̀ lórí ẹní bí ẹni tó ń gbé àwo tó ti fọ́ kalẹ̀.

"Mo ti sin ín lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "O wá jẹ́ kí n sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tó dùn mí jù ni pé o fẹ́ kí n máa bá òjìji sọ̀rọ̀, kí n má sì mọ̀."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni Bubu ń dá a lóhùn ní "ẹn" àti "ẹn-ẹn" nìkan. Makereta pa ohùn ayédèrú náà rẹ́, ó sì sọ fún gbogbo ẹbí ohun tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Semi tó gba ohùn náà sílẹ̀. Semi bá a wí títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Vilisi tí ì bá fi í ṣẹ̀sín kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò, àbúrò mi."

Ní ọjọ́ kẹwàá, Makereta lọ bá Bubu níbi tó ti ń hun ẹní. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kí n tó ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ọ̀nà omi yẹn. Ṣé ẹ lè bá wa wọ ọkọ̀, kí ẹ dárúkọ wọn? Bí ẹ bá ní rárá, rárá náà ni."

Bubu hun ìlà mẹ́ta kó tó dáhùn. "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ ni kí ẹ gbé mi jókòó sí o. Oòrùn ò gbọdọ̀ wọ̀ mí lójú."

Semi ló tu ọkọ̀, Makereta sì ń fi fóònù gba ohùn Bubu sílẹ̀. Bubu nawọ́ sí ọ̀nà omi kọ̀ọ̀kan, ó dárúkọ rẹ̀, ó sì sọ ohun tí Aporosa ń sọ níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn àṣìṣe ọkọ rẹ̀ tí ọkọ náà kò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Mẹ́sàn-án ló rántí. Ìtàn méjì yòókù ti bá ìkànnì náà lọ, kò sì sẹ́ni tó rántí wọn mọ́. Atẹ́gùn fẹ́, ìgbì pariwo, Makereta kò yọ ọ̀kan kúrò. Ibi mẹ́ta ló tọ́jú wọn sí, ó tún kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Makereta kò tíì fi àyẹ̀wò ohun tuntun sílẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ohun tí kò níye lórí ló ń fi dán an wò ní àkọ́kọ́, ó sì ń ka àdéhùn kó tó tẹ "Mo gbà." Nígbà tó bẹ Bubu pé kó má rò pé ayé tuntun ló ba nǹkan òun jẹ́, ìyá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Èmi ò bá ohun tuntun jà, ọmọ mi. Bí wọ́n bá ṣe ọkọ̀ tuntun lónìí, màá wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹ́ tèmi, bi mí kó o tó gbé e. Bí ó bá sì bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, òkú ohun náà ni kó o gbé wá fún mi. Má ṣe ya ojú sí i lára, kó o wá ní kó máa kí mi."