Bọ́ọ̀lù Àná

Ìròyìn pé wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù náà tán kò dé etí Sìdíkàt àfi ní ọjọ́ kejì, nígbà tó ti gbé ẹ̀pà àti gúgúrú dé pápá ilé ìwé l'Éjìgbò. Ewúrẹ́ méjì ló bá níbẹ̀, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó jókòó sídìí òpó, tó da kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sínú koríko. Gírísì ti sọ èékánná rẹ̀ di dúdú, àmọ́ ẹ̀wù rẹ̀ funfun nini, bíi ti ẹni tó ń lọ kírun Yídì.

"Àná ni wọ́n gbá a," ni ọkùnrin náà wí. "Kò sẹ́ni tó sọ fún àwa ará Màsífà."

Sìdíkàt jókòó lulẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló ti fi ń yan gàrí nídìí iná ìyá rẹ̀, èéfín sì ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n. Bọ́ọ̀lù yìí nìkan ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú.

"Ta ló na ta?"

"N ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fún mi ní ẹ̀pà, màá rò ó fún ọ."

"Ẹ ò sí níbẹ̀."

"Ìwọ náà ò sí níbẹ̀. Ta ni yóò wá já mi nírọ́?"

Sìdíkàt rẹ́rìn-ín, ó bu ẹ̀pà fún un. Mùkáílà lorúkọ ọkùnrin náà. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ṣe. Ó rò ó bí Èjìgbò ṣe gbá góòlù mẹ́fà wọlé, tí ewúrẹ́ dúdú yẹn sì ń ṣọ́lé.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò pa bọ́ọ̀lù kankan jẹ mọ́. Ẹ̀yìn okùn ni wọ́n ń dúró sí, níbi tí a kì í gba owó, bọ̀ọ̀lì ilé sì ni oúnjẹ wọn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Mùkáílà ní káwọn lọ wo bọ́ọ̀lù ńlá n'Íbàdàn. Awakọ̀ kan tó ń kó iṣu láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn yóò gbé wọn lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọ́n bá lè jókòó lórí iṣu. Sìdíkàt ní gàrí tó fẹ́ gbé fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì yọ̀ǹda rẹ̀.

Ìhà pápá tí oòrùn ti ń pani, níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì ti pọ́ọ́kú jù, ni wọ́n wọ̀. Alásúyà kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Mùkáílà ra igi kan ṣoṣo.

"Gbà, jẹ ẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ rà á, bùrọ̀dá."

"Mo rà á kí n lè máa wò ọ́ bí o ṣe ń jẹ ẹ́."

"Bọ́ọ̀lù lẹ wá wò."

"Bọ́ọ̀lù ò rẹwà tó bẹ́ẹ̀."

Kò pẹ́, àárẹ̀ ọ̀nà mú Sìdíkàt, orí rẹ̀ yẹ̀ sí èjìká Mùkáílà. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, gbogbo pápá dìde. Mùkáílà nìkan ni kò dìde, kó má baà jí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tó délé, Sìdíkàt bá àlejò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Ràmọ́nù. Yàkúbù, oníṣòwò kan l'Ábíjáǹ, ló rán ẹbí rẹ̀ wá tọrọ Sìdíkàt. Wọn yóò so yìgì nílé, ẹ̀gbọ́n Yàkúbù yóò dúró fún un, wọn yóò sì fi ìyàwó ránṣẹ́ sí i.

"Kí lo wí sí i?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

Àárẹ̀ Ìbàdàn ṣì wà lára Sìdíkàt, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kó tó rí ọ̀rọ̀ kó jọ, oorun ti gbé e lọ, orí rẹ̀ sì tẹ̀ba. Bí wọ́n bá sì bi wúńdíá tó bá dákẹ́, tó wolẹ̀, ó ti gbà nìyẹn. Ràmọ́nù ní alihamudulilai, ó gba obì wọn. Kíkí tí wọ́n ń kí i kú oríire ló jí i.

Ilẹ̀ mọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, oorun ni mo sùn. Mi ò gbà."

"O rí ohun tí o fẹ́ fi ojú mi rí," ni Ràmọ́nù wí. "Ta wá ni?"

"Mùkáílà, ará Màsífà."

"Kí ló ní?"

"Kẹ̀kẹ́ kan."

Ràmọ́nù mí kanlẹ̀. "N ó dá obì wọn padà. Ṣùgbọ́n má retí kí n rẹ́rìn-ín."

Mùkáílà kò wá sí bọ́ọ̀lù ọ̀sẹ̀ yẹn. Sìdíkàt fẹsẹ̀ rìn dé Màsífà, ó bá a nídìí táyà. Kò gbójú sókè.

"Wọ́n ní wọ́n bi ọ́, o dákẹ́," ni Mùkáílà wí. "Abíjáǹ dára. Kì í ṣe orí iṣu ni wàá jókòó sí dé ibẹ̀."

"Iṣu yẹn ṣì ń dùn mí lẹ́yìn dòní."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi dá ọ lẹ́bi."

"Ẹ wò mí, bùrọ̀dá," ni Sìdíkàt wí. "Oorun ló gbé mi lọ. Mo ti sọ fún Bàbá, wọ́n sì ti dá obì padà. Mi ò lọ sí Abíjáǹ. Ẹ̀yin ni màá fẹ́."