Fìlà Tó Bọ́ Sílẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà

Òkú ni Ayọ̀kúnmi lọ́jọ́ tí Ràhmọ̀t kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Ní gbọ̀ngàn kan ní Ìgbó-Ọrà ni, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Hàbíbàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló rọ̀ ọ́ títí tó fi tẹ̀ lé e lọ wo eré orí ìtàgé. Ràhmọ̀t ò wo irú ẹ̀ rí láyé ẹ̀. Fíìmù inú fóònù ló mọ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣe ní Ìdèrè ò sì jẹ́ kó fi bẹ́ẹ̀ ráyè ìyẹn pàápàá. Kò tíì jókòó gbóná tí ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan lórí ìtàgé fi di àyà mú, tó yíjú, tó sì ṣubú lulẹ̀ gbì.

Gbogbo èèyàn jókòó jẹ́ẹ́. Ràhmọ̀t tiwa yìí ti fo àga méjì. Ó gun orí ìtàgé, ó kúnlẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára tẹ òkú náà láyà.

"Yéè! Àyà mi o!" ni òkú ké.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń ṣe ìyá òkú, tó ń sunkún lẹ́ẹ̀kan, ti di ikùn mú. Ẹnu Ràhmọ̀t là sílẹ̀, kò lè pa á dé. Ká ní ilẹ̀ lè lanu gbé e mì lọ́jọ́ náà, ì bá dúpẹ́. Síbẹ̀, ojú rẹ̀ tó nǹkan kan: bí ọkùnrin yìí ṣe ṣubú tó, kò jẹ́ kí fìlà ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀. Orí ikùn ló gbé e lé.

Lẹ́yìn eré, ọkùnrin náà wá a kàn níta, ó ń fọwọ́ ra àyà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ pa mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ ti kú ni."

"Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kú, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dìde. Ṣé ẹ gbádùn eré wa ṣá?"

"N ò gbádùn ẹ̀ rárá." Ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu Ràhmọ̀t. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹ́ kí fìlà yẹn ṣubú?"

Ó yí fìlà náà lọ́wọ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. "Bàbá mi tó ti kú ló ni ín. Èmi lè ṣubú ní tèmi. Fìlà wọn ò ní kan ilẹ̀ lójú mi."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Èrúwà ni Ayọ̀kúnmi. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, Sátidé ló ń kú. Gbogbo Ọjọ́rú ló ń gun ọ̀kadà wá sí Ìdèrè, á ra gúgúrú àti ẹ̀pà dání, á sì máa pe Ràhmọ̀t ní dókítà òkú.

"Dókítà mi, àyà ń dùn mí."

"Ibo gan-an?"

"Ibi tí o ti tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. O ò kúrò níbẹ̀ mọ́."

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà ni Àlájì Àbdùlàhí, bàbá Ràhmọ̀t, tó ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kó ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà.

"Eléré? Ẹni tó ń kú ní gbogbo Sátidé?"

"Bàbá, télọ̀ ni wọ́n."

"Ẹni tó bá lè fi ikú purọ́, irọ́ wo ni kò ní pa fún ìyàwó ẹ̀? Ràhmọ̀t, ọjọ́ tí mo bá tún gbọ́ pé o wà níbi eré yẹn, má pè mí ní bàbá mọ́."

Ràhmọ̀t sunkún títí. Ó ní kí Ayọ̀kúnmi jẹ́ káwọn lọ gbé ara wọn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní mọ̀ wọ́n. Ayọ̀kúnmi kọ̀.

"N ò ní bàbá mọ́, ìfẹ́ mi. Mo mọ bó ṣe ń rí. N ò ní jẹ́ kí ìwọ máa wá tìẹ kiri. Wá wo eré tó ń bọ̀ yìí, ká fi dágbére."

Ìdágbére ni Ràhmọ̀t bá lọ. Ìnira tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Gbọ̀ngàn ọjọ́sí náà ni, aago mẹ́rin náà ni. Eré sì ti wọra nígbà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lójú fèrèsé. Bàbá rẹ̀ ni! Ẹnìkan ti ta á lólobó. Ó ti búra pé òun ò ní wọ ilé eré, ló bá dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ràhmọ̀t, jáde níbẹ̀!"

Bí Ràhmọ̀t ṣe ń dìde ni Ayọ̀kúnmi di irin ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Wáyà ara irin náà ti bó, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ara Ayọ̀kúnmi gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ó ṣubú, irin sì wó lé e láyà.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. "Ó mọ̀ ọ́n kú!" ni ẹnìkan kígbe.

Ràhmọ̀t rọra jókòó padà. Ó ti kọ́gbọ́n, kò tún ní sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́yà lójú bàbá rẹ̀. Ìgbà náà ló rí fìlà. Ó yí gbirigbiri lórí ìtàgé, ó sì bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú eruku.

Ó fò dìde.

"Iná ló gbé e! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Bàbá, ẹ pa jẹnẹrétọ̀!"

Àlájì ò gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ rí. Ṣùgbọ́n ohùn náà bà á lẹ́rù, ọwọ́ rẹ̀ sì ti pa jẹnẹrétọ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Gbogbo fáànù dúró. Ràhmọ̀t gun orí ìtàgé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà. Ẹ ò ní gbà gbọ́: àwọn tó wá nígbà àkọ́kọ́ ṣì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń retí kí òkú ké.

Òkú ò ké.

"Pariwo!" Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. "Ayọ̀kúnmi, pariwo mọ́ mi! Ní àyà ń dùn ẹ́!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn. Obìnrin tó ń ṣe ìyá òkú bú sẹ́kún, ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe eré. Ràhmọ̀t tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó tún tẹ̀ ẹ́. Apá rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán kí Ayọ̀kúnmi tó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì wúkọ́.

Kí Ràhmọ̀t tó gbójú sókè, ẹnìkan ti gbé ọkùnrin náà lé èjìká. Bàbá rẹ̀ ni, nínú ilé eré tó búra pé òun ò ní wọ̀. Orí àpò ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ló tẹ́ ẹ sí, eré tó sì sá dé ọsibítù, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Dókítà jáde síta. "Ta ló ni aláìsàn yìí?"

Ràhmọ̀t sún mọ́ ọn. Kí ni yóò pe ara rẹ̀?

"Èmi ni mo ni ín," ni Àlájì wí. "Ọkọ ọmọ mi ni."

Ràhmọ̀t yíjú wò ó, ó kọ hàà. Nínú gbogbo ohun tó dẹ́rù bà á lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó bá a lójijì tó bẹ́ẹ̀. Fìlà tó ṣà nínú eruku wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ń gbọn eruku rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí Ayọ̀kúnmi lajú, Àlájì ló kọ́kọ́ rí. Ó fẹ́ dìde kí i.

"Dùbúlẹ̀ jàre. Ràhmọ̀t ti sọ ọ̀rọ̀ fìlà yìí fún mi." Ó gbé e lé e láyà. "Ẹni tó lè pa fìlà bàbá ẹ̀ mọ́ báyìí, á tọ́jú ọmọ mi. Òun ni kí o dé wá so yìgì lẹ́yìn Iléyá."

Ó jáde kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀. Ayọ̀kúnmi na ọwọ́, Ràhmọ̀t sì dì í mú.

"Dókítà mi," ohùn rẹ̀ ò ju fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, "ṣé o gbádùn eré náà?"

"N ò gbádùn ẹ̀ rárá," ni Ràhmọ̀t wí, ó sì gbé orí lé e láyà, ó ń gbọ́ bó ṣe ń lù.